Orí Kẹfà: Ọkọ̀ Ogun Kékeré Nínú Ọ̀sà Èkó

Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹjọ, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú àti mẹ́rin nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé kan tí ó gbé erékùṣù Èkó lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tí kò mọ ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìwé púpọ̀ kì í dúró sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí ó wà nínú ọ̀sà lọ́jọ́ náà. Prometheus ni orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ onígi ni, ó ti tó ọdún mọ́kànlélógún lórí omi, ọdún méjì péré ni ó sì kù kí wọ́n tú u palẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ńlá tí Ìlú Ọba fi ń bá Faransé jagun. Sloop ni, ọkọ̀ tí ó kéré jù láti ní ipò nínú ìwé àwọn ọmọ ogun ojú omi.

Orí yìí yóò tọpa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọ̀rúndún kejìdínlógún títí dé ọjọ́ tí Èkó bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó. Èrò wa ni pé kíkéré tí sloop kéré ni ó sọ ọ́ di ewu fún àwọn ìlú etíkun wa. Ọkọ̀ ńlá kò lè wọ inú ọ̀sà, òkun ni yóò ti máa wo ìlú lókèèrè. Sloop lè wọlé, kí ó dúró níbi tí ọba ti lè rí ẹnu àgbá rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ sì gbé ìwé àti kálámù jáde.

Irú ọkọ̀ tí sloop jẹ́

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Ìlú Ọba pín àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ sí ipò mẹ́fà, iye àgbá tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń rù ni wọ́n sì fi ń pín in. Ọkọ̀ ipò kìíní a máa ru ọgọ́rùn-ún àgbá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ipò kẹfà a sì máa ru ogún tàbí kí ó lé díẹ̀. Èyí tí àgbá rẹ̀ kò bá tó ogún kò ní ipò kankan. Òun ni wọ́n ń pè ní sloop. Ẹni tí ń darí rẹ̀ kò tíì joyè kápítéènì. Kọ̀máńdà ni, ọ̀gágun tí ó ṣì ń wá ọ̀nà àtigòkè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀gágun tí ó ń fẹ́ kí orúkọ òun dé etí àwọn àgbà ní London kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ńlá kọjá lójú òun.

Igi óákù ni wọ́n fi ń kàn án. Ó lè ní òpó ìgbòkun méjì, ó sì lè ní mẹ́ta. Ọ̀tá rẹ̀ tí ó burú jù ní omi gbígbóná bíi tiwa ni kòkòrò òkun kan tí ń gbẹ́ ihò sínú igi bí ikán ti ń ṣe sí òrùlé. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1780, wọ́n ti ń fi bàbà pẹlẹbẹ bo ìdí àwọn ọkọ̀ yìí kí kòkòrò má bàa rí igi jẹ, kí koríko omi má sì bàa so mọ́ wọn dí wọn lọ́wọ́ eré. Láìsí bàbà yìí, ó ṣòro kí ọkọ̀ onígi kan lo ọdún púpọ̀ ní etíkun Áfíríkà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò lóǹkà. Ó ń gbé lẹ́tà ìjọba, ó ń sin ọkọ̀ àwọn oníṣòwò, ó ń lé olè ojú omi, ó ń wọn ìjìn omi kí wọ́n lè yàwòrán etíkun. Sloop ni wọ́n kọ Resolution sí nínú ìwé wọn, ọkọ̀ tí James Cook gbé jáde ní ọdún 1772 láti lọ yí ayé ká.

Ìgbésí ayé sloop máa ń lọ ní ìpele. Wọ́n á kàn án, wọ́n á tì í sómi, wọ́n á yan kọ̀máńdà àti atukọ̀ fún un, yóò sì lọ sí ibùdó kan fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Bí ó bá padà dé, wọ́n á sanwó fún àwọn atukọ̀, wọ́n á tú wọn ká, ọkọ̀ náà á sì dúró sí èbúté títí iṣẹ́ mìíràn yóò fi dé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí, kọ̀máńdà kan lọ, òmíràn dé, títí igi rẹ̀ yóò fi jẹrà tàbí tí òkun yóò fi gbé e mì.

Nautilus, 1784 sí 1799

Ọ̀kan nínú àwọn sloop tí ọ̀rọ̀ wọn kan etíkun wa ní ọ̀rúndún yẹn ni Nautilus, alágbàá mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n tì sómi ní ọdún 1784. Thomas Boulden Thompson ni kọ̀máńdà rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí nínú ìrìn rẹ̀ ni pé wọ́n rán an lọ sí etíkun gúúsù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti wá ibi tí Ìlú Ọba lè máa kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ lọ. Ó rí aṣálẹ̀, kò rí omi mímu, ó padà lọ jẹ́ iṣẹ́ pé ilẹ̀ náà kò dára. Bí ìjọba ṣe kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà lọ sí Ọsirélíà nìyẹn.

Ní ọdún 1787, Nautilus sin ọkọ̀ mẹ́ta tí ó kó àwọn aláwọ̀ dúdú aláìní láti London lọ sí Sẹ̀rà Líónì. Àwọn tí ó gúnlẹ̀ tó nǹkan bí irínwó, pẹ̀lú àwọn òyìnbó díẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó jà fún Ìlú Ọba nínú ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n sì di alágbe lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n dé, òjò sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Thompson bá olórí Temne kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní King Tom ṣe àdéhùn, ó fi ìbọn, aṣọ, ọtí àti irú ọjà bẹ́ẹ̀ gba ilẹ̀ fún àwọn tí ó kó wá. Kí ọdún yẹn tó parí, Nautilus ti fi wọ́n sílẹ̀, ibà àti òjò sì ti pa púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa. Ọkọ̀ kékeré kan dúró létí omi, ọ̀gá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó gbé ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ síwájú olórí ìlú, wọ́n fi àmì sí i, ilẹ̀ bọ́. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin lẹ́yìn rẹ̀, irú nǹkan kan náà ṣẹlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kì í ṣe pé ẹnìkan jókòó ní London ṣètò méjèèjì pọ̀. Àṣà àwọn ọlọ́kọ̀ ni, ó sì ti gún régé kí ó tó kàn wá.

Nautilus kò dàgbà. Ní oṣù Kejì ọdún 1799 ó fọ́ ní etíkun Flamborough Head ní ìlà-oòrùn England, ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ rẹ̀ yè é. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo ayé rẹ̀.

Freetown àti àwọn ọkọ̀ tí ń lé ọkọ̀ ẹrú

Ibùdó ọdún 1787 yẹn tú, ṣùgbọ́n ní ọdún 1792 àwọn mìíràn dá Freetown sílẹ̀ sí ibẹ̀. Ìjọba Ìlú Ọba fòfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, ó sì gba Freetown sábẹ́ ara rẹ̀ ní ọdún 1808. Ọkọ̀ méjì péré ni ó kọ́kọ́ rán jáde láti máa ṣọ́ gbogbo etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: Solebay, tí ó jẹ́ frigate (ọkọ̀ ogun tí ó tóbi ju sloop lọ), àti Derwent, tí ó jẹ́ sloop. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọkọ̀ náà ti gbèrú. Títí di nǹkan bí ọdún 1860, wọ́n mú ọkọ̀ ẹrú bíi 1,600, wọ́n sì tú nǹkan bí 150,000 ènìyàn sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ni ọmọ Òsoògùn tí a mọ̀ sí Àjàyí. Ní ọjọ́ keje, oṣù Kẹrin, ọdún 1822, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Potogí ní Èkó pẹ̀lú àwọn ẹrú mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ 187. Ọkọ̀ ogun méjì, Myrmidon àti Iphigenia, pàdé wọn lójú òkun, wọ́n sì gbà wọ́n. Inú Myrmidon ni Àjàyí wà títí wọ́n fi dé Freetown. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Lára àwọn tí a tú sílẹ̀ báyìí ni àwọn Sàró ti wá, àwọn tí ó padà wá tẹ Olówógbówó dó ní Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń bínú sí ọkọ̀ ogun òyìnbó nítorí ọdún 1861 kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Irú ọkọ̀ kan náà ni ó ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ọkọ̀ tí ó tayọ jù nínú iṣẹ́ yìí kì í tilẹ̀ ṣe èyí tí ìjọba kàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1827, frigate Sybille mú ọkọ̀ ẹrú ará Bàhíà kan tí ń jẹ́ Henriquetta. Ẹrú 569 ni ó wà nínú rẹ̀, Èkó ni wọ́n sì ti kó gbogbo wọn. Wọ́n ra ọkọ̀ náà, wọ́n sọ ọ́ ní Black Joke, wọ́n gbé àgbá méjì péré sí i, wọ́n sì ní kí ó máa lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kejì, ọdún 1829, ó bá El Almirante jà, ọkọ̀ ará Sípéènì alágbàá mẹ́rìnlá tí ó kó ẹrú tirẹ̀ ní Èkó. Black Joke borí, wọ́n sì rí 466 ènìyàn láàyè nínú ọkọ̀ náà. Eré ni ó fi borí. Àwọn oníṣòwò ẹrú ti kàn án kí ọkọ̀ ogun kankan má lè bá a, ẹ̀bùn yìí gan-an ni ó sì fi ń mú wọn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1832, igi rẹ̀ ti jẹrà. Wọ́n dáná sun ún ní Freetown ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, lábẹ́ àṣẹ. Ó lo ọdún mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Owó wà nínú iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1824, ìjọba ń san £10 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí a bá tú sílẹ̀, ó sì dín in kù sí £5 ní ọdún 1830. Àwọn atukọ̀ ń pín in láàárín ara wọn gẹ́gẹ́ bí ipò wọn. Mi ò gbà pé owó nìkan ni ó ń gbé wọn jáde, nítorí ikú pọ̀ jù ú lọ. Ní ọdún 1829, ibà pa bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn òyìnbó tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní etíkun wa. Ìdí nìyí tí gbogbo ọkọ̀ fi ń gba àwọn Kúrù láti etíkun Làìbéríà àti Sẹ̀rà Líónì. Àwọn ni wọ́n ń tu ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá, àwọn ni wọ́n ń ru igi àti omi, àwọn ni wọ́n ń wọ ẹnu odò nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ bá ń bẹ̀rù ibà. Kò sí sloop kan tí ó ṣe àṣeyọrí ní etíkun yìí láìsí wọn. Kuníìnì ni ó wá dín ikú kù. Ní ọdún 1854, ọkọ̀ Pleiad gòkè lọ sí odò Ọya pẹ̀lú dókítà William Baikie, gbogbo wọn ń mu kuníìnì, wọ́n sì padà dé láìsí ẹni tí ibà pa. Ọdún méje ni ó kù nígbà náà kí Prometheus wọ ọ̀sà Èkó.

Bí wọ́n ṣe kan Prometheus

William Symonds ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ibùdó ìkànkọ̀ Sheerness ni wọ́n ti kàn án, wọ́n sì tì í sómi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1839. Onígi ni síbẹ̀, ó sì ní òpó àti ìgbòkun, ṣùgbọ́n ọkọ̀ eléèéfín ni. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ tó ti igba ẹṣin wà nínú ikùn rẹ̀, èédú ilẹ̀ ni ó sì ń jẹ. Ẹ̀rọ yìí ni ó ń yí àgbá kẹ̀kẹ́ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí ń gbá omi sẹ́yìn. Sloop ni wọ́n ṣì ń pè é nítorí pé kọ̀máńdà ni ń darí rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó jọ Nautilus. Àgbá tí ó ń rù kò pọ̀ tó ti ìgbà àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi jù wọ́n lọ, wọ́n sì ń jù jìnnà.

Ẹ̀rọ yìí ni ó yí ohun gbogbo padà fún àwọn ìlú ọ̀sà. Sloop onígbòkun gbọ́dọ̀ dúró de afẹ́fẹ́ kí ó tó lè wọ ẹnu omi tóóró, bí afẹ́fẹ́ bá sì kọ̀, kò lè jáde mọ́. Ọkọ̀ eléèéfín lè yan wákàtí tí omi bá kún, kí ó gba orí òkìtì yanrìn kọjá, kí ó sì dúró síbi tí ó bá wù ú.

Prometheus ní arákùnrin kan tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà, Alecto, tí orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ káàkiri ní ọdún 1845. Nígbà náà àríyànjiyàn ńlá wà lórí èyí tí ó dára jù, àgbá kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni tàbí abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí lábẹ́ omi. Ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi so Alecto mọ́ Rattler ní ìdí sí ìdí. Agbára ẹ̀rọ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, abẹ̀bẹ̀ irin ni ti Rattler. Wọ́n ní kí kálukú máa fà síwájú. Rattler fa Alecto sẹ́yìn pẹ̀lú eré tí ó lé ní nọ́ọ̀tì méjì, bí àgbá kẹ̀kẹ́ Alecto ti ń yí tó. Láti ọjọ́ náà, irú ọkọ̀ tí Prometheus jẹ́ ti di ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì tó ọdún mẹ́fà lórí omi.

Wọn kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ nù. Ọkọ̀ tí kò yẹ fún ogun Yúróòpù mọ́ ni wọ́n sábà máa ń rán lọ sí ibi tí ọ̀tá kò ti ní ọkọ̀ eléèéfín. Ní ọdún 1854, etíkun Mòrókò ni ó wà, níbi tí ó ti gba ọkọ̀ oníṣòwò kan padà lọ́wọ́ àwọn olè ojú omi Riff. Nígbà tí ó yá, etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni iṣẹ́ gbé e wá.

Ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀: 1851

Kí Prometheus tó dé, ọkọ̀ mìíràn ti kọ́ bí a ṣe ń wọ Èkó, ẹ̀kọ́ náà sì náni lówó. Ọba Kòsọ́kọ́ wà lórí oyè, Akíntóyè tí ó lé kúrò wà ní Àgbádárìgì. Kọ́ńsúlù John Beecroft fẹ́ kí Kòsọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé tí yóò fòpin sí òwò ẹrú, Kòsọ́kọ́ sì kọ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá, ọdún 1851, ọkọ̀ eléèéfín kékeré kan tí ń jẹ́ Bloodhound wọ inú ọ̀sà pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ tí wọ́n kó láti ara àwọn sloop tí ó dúró lójú òkun, lára wọn Philomel, Harlequin àti Niger. Àwọn ará Èkó dá wọn padà. Òyìnbó méjì kú, wọ́n sun apá kan ìlú, wọ́n sì sá jáde.

Ní oṣù Kejìlá wọ́n padà wá. Kọ̀módò Henry William Bruce wà nínú Penelope, kápítéènì Lewis Tobias Jones wà nínú Sampson, ṣùgbọ́n òkun ni ọkọ̀ ńlá méjèèjì dúró sí. Bloodhound àti Teazer ni ó lè wọlé. Kòsọ́kọ́ ti ri òpó igi mọ́lẹ̀ nínú omi, ó ti mọ odi sí etí ọ̀sà, ó sì ti to àgbá sẹ́yìn wọn. Oṣòdì Tápà ni ó ṣíwájú ogun rẹ̀. Ní ọjọ́ 26, Teazer gun orí yanrìn, ó há. Ibi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti yọ ọ́ ni wọ́n ti pàdánù jù. Nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sì lé ní àádọ́rin. Ní ọjọ́ kejì rọ́kẹ́ẹ̀tì kan balẹ̀ lórí ilé Oṣòdì Tápà, iná sì ràn káàkiri ìlú. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Àwọn àgbà Èkó ń pe ogun yìí ní ogun Àgídìngbì, nítorí ìró àgbá tí wọ́n gbọ́. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1852, Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú Penelope. Ó di ọba padà, ṣùgbọ́n àgbá ọkọ̀ ni ó gbé e jókòó, gbogbo ẹni tí ó wà ní ààfin Ìgá Ìdúngànràn ló sì mọ̀ ọ́n. Èrò mi ni pé ibi yìí ni òmìnira Èkó ti kọ́kọ́ sọnù. Ohun tí Prometheus ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kàn parí rẹ̀ ni.

Prometheus ní Èkó: 1861

Dòsùnmú ọmọ Akíntóyè jọba ní ọdún 1853. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1861, ìjọba Palmerston ní Ìlú Ọba pinnu pé Èkó gbọ́dọ̀ di tirẹ̀, ó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́. Òwò ẹrú ni ìdí tí wọ́n kọ sínú ìwé, pẹ̀lú ogun Dàhòmì. Epo pupa tí ń gba Èkó kọjá lọ sí Ìlú Ọba kò kéré nínú ọ̀rọ̀ náà. Kọ́ńsúlù tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, Henry Foote, ti kú kí ó tó dé. Oníṣòwò epo kan, William McCoskry, ni ó ń ṣe adelé, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n tí àwọn ará Èkó fi ń pè é ní Apọ́ngbọ̀n. Orúkọ yẹn ni àdúgbò Apọ́ngbọ̀n ń jẹ́ títí di òní.

Kọ̀máńdà Prometheus ni Norman Bedingfeld, òun sì ni ọ̀gá àgbà àwọn ọkọ̀ ogun ní ẹkùn omi yìí. Ó ti bá David Livingstone lọ sí odò Zambezi ní ọdún 1858, wọ́n jà, ó sì fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, òun àti McCoskry pe Dòsùnmú wá sínú ọkọ̀. Ọba rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ni. Inú ọkọ̀ ni ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba ìlú rẹ̀. Ó ní òun kò lè dá a sọ láìrí àwọn ìjòyè òun. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹjọ, Bedingfeld àti McCoskry wá sí ààfin pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tí ó gbé ìbọn, àwọn ìjòyè sì kọ̀. Nínú lẹ́tà tí Dòsùnmú kọ sí Ọbabìnrin ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, ó sọ pé wọ́n halẹ̀ mọ́ òun pé bí òun kò bá fọwọ́ sí i, wọn yóò yìnbọn sí erékùṣù náà títí yóò fi parun.

Èkó mọ̀ pé ìhàlẹ̀ náà kì í ṣe ẹnu lásán. Àwọn tí ó sá fún iná ọdún 1851 ṣì wà láàyè, ilé tí wọ́n tún kọ́ kò tíì gbó. Ọkọ̀ tí ó sì wà nínú ọ̀sà yìí tóbi ju Bloodhound tí ó jó ìlú nígbà náà lọ. Kò yin àgbá kankan láti fi jà. Kò sí ìdí tí yóò fi yìn ín.

Ní ọjọ́ kẹfà, Dòsùnmú àti àwọn ìjòyè mẹ́rin fi àmì sí ìwé náà. Bedingfeld àti McCoskry fi orúkọ tiwọn sí i. Wọ́n gbé àsíá sókè, wọ́n yin àgbá 21 fún ayẹyẹ, nǹkan bí 300 ọmọ ilé-ìwé ìjọ sì kọ orin Ọbabìnrin. Ní ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí ogójì ènìyàn pàtàkì, òyìnbó àti ọmọ Èkó, jẹun nínú Prometheus. Gbogbo eléyìí wà nínú ìròyìn tí Bedingfeld fúnra rẹ̀ kọ ránṣẹ́, ó sì hàn nínú rẹ̀ pé inú rẹ̀ dùn.

Lẹ́yìn ìfàgùn púpọ̀, wọ́n fi owó ọdọọdún fún ọba kún àdéhùn náà ní oṣù Kejì ọdún 1862. 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ ni, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000 ẹyọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí £1,030. Fún erékùṣù tí gbogbo ọjà ilẹ̀ Yorùbá ń gbà kọjá sí òkun, owó yìí kò tó nǹkan, Dòsùnmú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kọ lẹ́tà fún ọdún púpọ̀.

Òpin ọkọ̀ náà

Ní ọdún 1862 Kòsọ́kọ́ gba àṣẹ láti padà sí Èkó, àwọn ènìyàn Oṣòdì Tápà sì tẹ Ẹpẹtẹ̀dó dó. Prometheus ti lọ. Wọ́n tú u palẹ̀ ní ọdún 1863, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún láti ìgbà tí wọ́n tì í sómi. Dòsùnmú gbé pẹ́ jù ú lọ, ó wàjà ní ọdún 1885.

Iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ẹ rìn láti iwájú Ìgá Ìdúngànràn títí dé Ebúté-Èrò, lẹ́yìn náà kí ẹ gba Apọ́ngbọ̀n bọ́ sí Marina. Kí ẹ rántí pé wọ́n ti fi yanrìn kún etí omi ní Marina, kì í ṣe ibi tí omi dé lónìí ni ó dé ní ọdún 1861. Ẹ ya àwòrán ilẹ̀ tí yóò fi hàn bí ààfin ṣe súnmọ́ omi tó nígbà náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà agboolé yín ohun tí wọ́n gbọ́ nípa Àgídìngbì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ agboolé náà. Kí ẹ wá fi àdéhùn King Tom ti ọdún 1787 wé ti Dòsùnmú ti ọdún 1861, kí ẹ sì sọ èrò yín: bí kò bá sí ọkọ̀ lórí omi, èwo nínú àwọn olórí méjèèjì ni ì bá ti fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀?